Stone Sublimely Self-Righteous: ó dúdú, àmọ́ kì í ṣe stout

Ẹni tó bá fi ojú ọ̀dẹkú wo ọtí yìí, ẹnu á yà á. Ó dúdú kirikiri lóòótọ́. Bí mo ṣe dà á sínú gíláàsì, ìfófòó rẹ̀ ru sókè, ó pupa rúsúrúsú, kò sì tètè wálẹ̀. Òórùn tó bá a jáde wá jẹ́ ti èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, pẹ̀lú oje igi páínì. Ojú ń retí kọfí, imú ń gbọ́ ọsàn. Ohun tí mo fẹ́ràn lára black IPA, ìyẹn irú bíà dúdú tó korò, tí òórùn họ́ọ̀pù (òdòdó tí wọ́n fi ń kó ìkorò àti òórùn sí bíà) sì pọ̀ lára rẹ̀, gan-an nìyẹn.

Iléeṣẹ́ Stone, ní Escondido ní ìpínlẹ̀ California, ló ń pọn ọ́n. Ọdún 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún àjọ̀dún ọdún kọkànlá wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á déédéé ní 2009. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọjú. Agbára rẹ̀ jẹ́ 8.7%. Guinness Foreign Extra tí wọ́n ń tà nílé jẹ́ 7.5%, ẹ̀yin náà ẹ fi wọ́n wéra.

IBU rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ìkorò bíà, jẹ́ 90. Chinook, Simcoe àti Amarillo ni họ́ọ̀pù tó wà nínú rẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ kàn mí lẹ́nu. Ó dìgbà tí mo gbé e mì kí ṣokoléètì dúdú tó yọ díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Bí ewúro ló rí: ìkorò ló ń ṣíwájú, adùn wá ń tẹ̀ lé e.

Báwo ló ṣe dúdú tó báyìí tí kò rùn bí ohun tó jóná? Fún irú bíà yìí, malt, ìyẹn ọkà tí wọ́n mú hù kí wọ́n tó sá a gbẹ, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó yan án ni ọ̀pọ̀ apọntí ń lò. Weyermann, ní Bamberg ní Jámánì, gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Inú èèpo ọkà ni ìkorò tó máa ń gbẹ èèyàn lọ́fun pọ̀ sí. Tí èèpo bá ti kúrò, àwọ̀ dúdú á kù, ìkorò èédú á dín.

Ẹ má mu ún ní tútù nini o. Ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì, kó sinmi díẹ̀, òórùn rẹ̀ á ṣí. Kẹ́ ẹ sì wo déètì ara agolo kẹ́ ẹ tó sanwó, torí òórùn họ́ọ̀pù kì í dúró pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ti ta èyí tó ti pẹ́ fún mi rí: ìkorò nìkan ló kù níbẹ̀, ọsàn ti lọ. Owó mi dùn mí.

Àsun kò bá a mu. Ìkorò yẹn àti agbára ọtí ńṣe ni wọ́n ń dá kún ata, gbogbo ẹnu á máa ta. Ẹran màlúù yíyan tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí etí rẹ̀ ti jó díẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi mu ún.