Moodle ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àtòkèèrè: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́

Ọ̀fẹ́ ni Moodle, ètò kọ̀ǹpútà tí iléèwé fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ iléèwé ti máa ń ṣi ìṣirò ṣe. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lò ó, yálà akẹ́kọ̀ọ́ yín jẹ́ 200 tàbí 20,000. Ṣùgbọ́n server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa gbé e, iná tí server máa jẹ, àti ẹni tó máa jókòó tì í, owó ni gbogbo wọn. Yunifásítì tó bá ya owó ẹ̀rọ sọ́tọ̀ tí kò ya owó òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Èrò tèmi kò fara sin: Moodle ni mo máa mú fún ẹ̀kọ́ àtòkèèrè nílẹ̀ wa, nítorí ìdánwò rẹ̀ àti áàpù orí fóònù rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn èèyàn a gbé e kalẹ̀, wọn a sì fi gbogbo ètò inú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ẹ̀dà 4.0 sókè ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Martin Dougiamas ló dá a sílẹ̀ ní Perth, ní Ọsirélíà, ẹ̀dà 1.0 sì jáde lọ́dún 2002. Ní 2005, Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ni iṣẹ́ wọn, yan Moodle, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí apá ìdánwò rẹ̀. Ó hàn lára rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú Moodle, ìdánwò yìí, tí wọ́n ń pè ní Quiz, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún jù.

Inú Question bank ni ìbéèrè máa ń wà, ẹ̀yin lẹ sì máa pín in sí ìsọ̀rí. Kọ́ọ̀sì tó bá ní module 10, ẹ dá ìsọ̀rí 10, kí ẹ kó ìbéèrè 30 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá ní kí Moodle máa ṣa mẹ́rin mẹ́rin láti inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 40 ni akẹ́kọ̀ọ́ máa rí, ti ẹni tó jókòó tì í yóò sì yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó ṣòro kí olùkọ́ kan jókòó tẹ ìbéèrè 300 lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù Moodle. Ìlànà Aiken, ọ̀nà kíkọ ìbéèrè sínú fáìlì lásán tí Moodle lè kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ni kí ẹ kọ́ àwọn olùkọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

Ọdún wo ni wọ́n kọ́kọ́ dá Yunifásítì NOUN sílẹ̀?
A. 1960
B. 1983
C. 1999
D. 2002
ANSWER: B

(Ọ̀pọ̀ ló máa mú D, nítorí ìjọba ti NOUN, ìyẹn National Open University of Nigeria, pa ní 1984, wọ́n sì jí i dìde padà ní 2002. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ máa wá sínú ìbéèrè rẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta tí kò jọ òótọ́ rárá.)

Aiken rọrùn, àmọ́ ó le lórí òfin. Orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè gbọ́dọ̀ wà. Bí olùkọ́ bá tẹ Enter láàárín gbólóhùn, fáìlì yẹn lè má wọlé dáadáa. Lẹ́tà ńlá ni A, B, C, D gbọ́dọ̀ jẹ́, pẹ̀lú àmì ìdánudúró tàbí àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ANSWER náà gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá. Èyí tó ń fìyà jẹni jù ni fáìlì tó bá wá láti inú Word: bó bá jẹ́ Word ló fúnra rẹ̀ to A, B, C yẹn, lẹ́tà náà kì í tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ sínú fáìlì lásán nígbà míì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad, kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì fi í pamọ́ ní UTF-8, ìlànà ìfipamọ́ tó mọ lẹ́tà Yorùbá. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní Yorùbá tó gbàgbé UTF-8, ẹ ó rí i pé gbogbo ẹ, ọ àti ṣ rẹ̀ ti di àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo.

Bí iná bá lọ tàbí dátà bá tán nígbà ìdánwò ńkọ́? Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni Moodle máa ń fi ìdáhùn pamọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù kò ju èyí tó ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan tó kẹ́yìn lọ. Bó bá yá fóònù ẹlòmíì tó sì wọlé padà, yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Aago nìkan ni kò dúró dè é. Ẹni tí ìṣòro bá bá, ẹ lọ sí Overrides, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kún tirẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ kan náà lẹ ti lè pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele. Bí 600 èèyàn bá máa ṣe ìdánwò kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo wọn tẹ Attempt quiz ní aago mẹ́sàn-án gééré, torí ìgbà tí wọ́n bá ń wọlé yẹn ni server máa ń dákú, kì í ṣe àárín ìdánwò. Ẹ dá ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sáàárín wọn. Ní ti iye ìbéèrè lójú ewé kan, márùn-ún ni mo fara mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń da server láàmú pẹ̀lú Next tí kò lópin, ogójì lẹ́ẹ̀kan náà sì wúwo fún fóònù kékeré.

Ẹ ṣàkíyèsí cron, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí server ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá yàn. Bí ẹ kò bá rántí ohunkóhun nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rántí ìlà kan yìí tó gbọ́dọ̀ wà lórí server:

* * * * * /usr/bin/php /var/www/moodle/admin/cli/cron.php

Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń fi ìmeèlì fọ́rọ́ọ̀mù ránṣẹ́, òun ló ń ṣe bákọ́ọ̀pù alẹ́, òun náà ló sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pa fóònù rẹ̀ fi ìdánwò sílẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Bí cron bá kú, Moodle kò ní pariwo sí akẹ́kọ̀ọ́ létí. Ojú ewé á máa ṣí, olùkọ́ á máa kọ́ni, ṣùgbọ́n ìdánwò àwọn kan á wà ní In progress fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn á sì máa bi yín pé kí ló dé tí máàkì àwọn kò jáde. Lójoojúmọ́, kí ẹ tó mu tíì àárọ̀, ẹ ṣí ojú ewé Notifications ní Site administration. Bí cron kò bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa sọ fún yín.

Kíkó akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà dára, pẹ̀lú fáìlì CSV, irú tábìlì lásán tí Excel lè fi pamọ́. Username, firstname, lastname, email àti course1 ni orí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń dojú rú nílẹ̀ wa ni nọ́ńbà matric. Moodle kì í gba àmì ìlà dídà, èyí tó wà láàárín DLC/24/0117, nínú username bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba lẹ́tà ńlá. Ẹ sọ ọ́ di dlc-24-0117 fún username, kí ẹ fi èyí tó pé sínú idnumber, nítorí ọ́fíìsì ìdánwò máa bèèrè rẹ̀. Bí matric yín bá sì jẹ́ nọ́ńbà nìkan, Excel yóò gé òdo iwájú rẹ̀ dànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ òpó yẹn di Text kí ẹ tó lẹ ohunkóhun sínú rẹ̀.

Áàpù orí fóònù ni ìdí kejì tí mo fi yan Moodle. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wa gbogbo ìwé kọ́ọ̀sì kan sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kó sì máa kà á ní abúlé tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ó tún lè ṣe ìdánwò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí áàpù fi ìdáhùn ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá dé, bí olùkọ́ bá fàyè gbà á. Àmọ́ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò lè ní aago, ìlànà Deferred feedback nìkan, èyí tí kì í fi èsì hàn títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi parí, ló sì bá a mu. Nítorí náà, ó dára fún ìdánrawò, kò dára fún ìdánwò ìparí. Áàpù náà kì í gba HTTPS, ìyẹn ìsopọ̀ aláàbò, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́. Ti Let's Encrypt, tó ń fúnni ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ 90 ni. Ẹ jẹ́ kí server máa sọ ọ́ di tuntun fúnra rẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún ìrántí èèyàn.

Ní ti fáìlì, PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ Moodle, kì í gbà ju 2MB lọ bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ á sì máa rò pé Moodle ló burú. Nínú php.ini, fáìlì tí ètò PHP wà, ẹ gbé upload_max_filesize sókè, kí post_max_size sì ju òun lọ. Ẹ gbé max_input_vars láti 1000 sí 5000, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí olùkọ́ bá tẹ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 400 tó sì tẹ Save, àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè má wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé àyè ti wà kí ẹ máa kó fídíò sínú Moodle. Bákọ́ọ̀pù yín á wúwo, dátà akẹ́kọ̀ọ́ á sì jó. Ibòmíì ni kí fídíò wà, kí ìjápọ̀ rẹ̀ wà nínú kọ́ọ̀sì, pẹ̀lú PDF kékeré tàbí ohùn lásán fún ẹni tí kò lè wo fídíò.

Ìwé máàkì, ìyẹn Gradebook, ni mo kórìíra jù nínú Moodle. Ẹ wo èyí: ìdánwò mẹ́ta, máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ó gba 8, kò yọjú sí méjì tó kù. Bí Exclude empty grades bá wà ní títàn, bó sì ṣe máa ń wà nìyẹn, 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni Moodle máa fi hàn, nígbà tó jẹ́ pé 8 nínú 30 ló gbà. Láàárín sáà, ó lè wúlò. Kí ẹ tó fi máàkì ránṣẹ́ sí sẹ́nétì, ẹ pa á, tàbí kí ẹ fi òdo sí gbogbo àyè tó ṣófo. Ohun míì tó máa ń da olùkọ́ rú ni Due date àti Cut-off date nínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Due date kò ti ilẹ̀kùn, ó kàn ń kọ ọ́ pé ẹni náà pẹ́ ni. Cut-off date ló ń ti ilẹ̀kùn.

BigBlueButton fún kíláàsì ojúkojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú Moodle láti ẹ̀dà 4.0, ní 2022. Server ọ̀fẹ́ tó bá a wá kò gbà ju èèyàn 25 àti 60 ìṣẹ́jú lọ, ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀ á sì pòórá lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ẹ fi dán an wò, ẹ má fi kọ́ni. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fún un, èyí tó ní RAM 16GB àti core 8, kì í ṣe èyí tí Moodle wà. Safe Exam Browser, tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí nǹkan míì nígbà ìdánwò, náà dára fún gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ti Android, bẹ́ẹ̀ orí Android ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa wà.

Bákọ́ọ̀pù ló kù. Nǹkan mẹ́ta ni: database, fódà moodledata, àti config.php pẹ̀lú kóòdù. Ẹni tó bá ń ṣe bákọ́ọ̀pù database nìkan yóò rí orúkọ gbogbo ìwé bó bá dá a padà, kò sì ní rí ìwé kankan ṣí, nítorí inú moodledata/filedir ni ohun tó wà nínú fáìlì wà, orúkọ tí ojú èèyàn kò lè mọ̀ ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Kí moodledata má ṣe wà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti lè kàn án tààrà. Nígbà ìsinmi, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà míì, kí ẹ wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ ṣí PDF kan, kí ẹ sì ṣe ìdánwò kan dé òpin. Orí ẹ̀dà yẹn náà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀dà tuntun Moodle, nítorí plugin, ìyẹn àfikún tí ẹ fi sí i, ló máa ń kọ́kọ́ fọ́, ó sì sàn kó fọ́ níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ti lè rí i.