Honeywell PTM7950: ẹ jẹ́ kí ìpara gbẹ̀yìn

Bí fáànù kọ̀ǹpútà alágbèéká yín bá ń han goorogo, tí kọ̀ǹpútà sì ń fà tìkọ̀ bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ má tíì sọ pé ó ti gbó. Ẹ wo ìpara tó wà láàárín ṣíìpù àti bàbà tó ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ti tèmi ti sún lọ sí etí, àárín gan-an ló wá ṣófo. Ṣíìpù a máa wú díẹ̀ bó bá gbóná, a sì tún sún kì bó bá tutù. Ìyẹn ló ń ti ìpara jáde.

PTM7950, tí ilé iṣẹ́ Honeywell ṣe, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ìpara. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú ni, náílọ́ọ̀nù bò ó lójú méjèèjì. Tó bá gbóná tó nǹkan bí 45°C, á rọ̀, á wá kún gbogbo kòtò kéékèèké tójú ò lè rí lára ṣíìpù àti bàbà. Atẹ́gùn inú kòtò wọ̀nyẹn lọ̀tá: bàbà ń gbé ooru ní nǹkan bí 400 W/mK (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń gbé ooru kọjá sí), atẹ́gùn ò tó 0.03.

Náílọ́ọ̀nù yẹn ló ni wàhálà. Ó lẹ̀ típẹ́, bẹ́ẹ̀ bébà náà rọ̀ débi pé ó lè ya mọ́ ọn yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí fíríìjì kó le, ẹ wá ká náílọ́ọ̀nù láti igun. Igun tèmi kan ṣì já. Mo fi èyí tó já dí àyè rẹ̀, ó yọ́ pọ̀ mọ́ra.

Ẹ má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Ó ní láti gbóná, kó tutù, lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó jókòó dáadáa. Iṣẹ́ tó ń gbé tèmi dé 100°C tẹ́lẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí 86°C mọ́. Fáànù ṣì ń dún o, atẹ́gùn tó ń fẹ́ jáde tiẹ̀ gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ooru ò dín, ó rọ́nà jáde ni.

Wọ́n kọ 8.5 W/mK sí i, àwọn ìpara kan sì ń pariwo iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dà mí láàmú. Bó ṣe fẹ́lẹ́ tó lẹ́yìn tó bá yọ́, àti pé kì í sá kúrò lójú ibi tó wà, ló ṣe kókó.

Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má sì fi dípò fóòmù nínípọn tó wà lórí mẹ́mórì. Àlàfo ibẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un.