Pápá básíkẹ́ẹ̀tì kan ní Tánkè: agbọ̀n dáa, ilẹ̀ dáa, ìlà tíríì ni kò bá ìgbà mu

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin tó fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì kò ṣàì mọ pápá yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń fi wákàtí yá èèyàn lágbègbè Tánkè. Kọnkéré tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni ilẹ̀ rẹ̀, kò sán, kò sì yọ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ làágùn lẹ́yìn kíláàsì, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń múra láti gbá a fún yunifásítì rẹ̀, tó sì fẹ́ fi tíríì (bọ́ọ̀lù tí a jù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà fún póíntì mẹ́ta) jẹun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fa tépù.

Láti abẹ́ àárín òrùka agbọ̀n dé etí ìta ìlà tíríì, mítà 6.25 ni. Ìwọ̀n tí FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, gbé jáde ní 1984 nìyẹn. Láti 2010 ni wọ́n ti sún un sẹ́yìn sí 6.75, òun náà sì ni NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń lò báyìí: àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2019 sí 2020, àwọn obìnrin ní sáà 2021 sí 2022. Ààbọ̀ mítà péré ni ìyàtọ̀, àmọ́ apá ènìyàn kì í gbàgbé ohun tó bá ti mọ́ ọn lára. Bọ́ọ̀lù tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́ lórí ìlà àtijọ́ á máa gbá iwájú òrùka lórí ti tuntun. Eléré á wá fẹ́ fi èjìká tì í, ìgúnpá á yà síta, bọ́ọ̀lù á sì máa lọ pẹrẹsẹ dípò kó ròkè.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ pẹrẹsẹ yẹn ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òrùka fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 7 sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 24. Bí bọ́ọ̀lù bá sọ̀ kalẹ̀ ní dígíríì 45, àyè tó rí láti wọlé tó nǹkan bíi 32. Bó bá jẹ́ dígíríì 30, àyè ọ̀hún di 22 ààbọ̀, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó di dandan kó kan irin.

Ẹ tún wo ti ìṣirò. Ẹni tó ju tíríì 100, tí 35 wọlé, ní póíntì 105. Ẹni tó ju 100 láti inú ìlà, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ póíntì méjì, tí 50 wọlé, ní 100. Èrè póíntì márùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ń lé. Bí 35 yẹn bá wálẹ̀ sí 33 nítorí ìlà tó jìnnà sí i, póíntì di 99, èrè ti wọmi. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fi iye tíríì wé iye láì béèrè ìlà. Stephen Curry ju tíríì 162 wọlé fún yunifásítì Davidson ní Amẹ́ríkà ní sáà 2007 sí 2008, nígbà tí ìlà NCAA ṣì wà ní nǹkan bíi 6.02. Caitlin Clark ju 201 wọlé fún ẹgbẹ́ obìnrin yunifásítì Iowa ní 2023 sí 2024, lórí 6.75.

Agbọ̀n ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Gíga rẹ̀ pé mítà 3.05, òrùka kò tẹ̀, irin ẹyọ kan sì ni wẹ́dà lò. Irin onílọ̀ọ́po-méjì tó pọ̀ ní pápá ìta máa ń le, bọ́ọ̀lù tó bá fara kàn án báyìí á fò dànù. Àwọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ń jẹ́ kí ojú mọ bí agbọ̀n ṣe jìnnà tó. Òjò ti wú etí pátákó. Kò pa ẹni tó ń ju tíríì lára púpọ̀.

Kọ́nà, ìyẹn igun pápá lẹ́bàá ìlà ẹ̀yìn, ni wàhálà gidi. Mítà 14 ni ìbú pápá náà, 15 ló yẹ kó jẹ́. Lónìí, sẹ̀ǹtímítà 75 ló kù láàárín ìlà tíríì àti ìlà ẹ̀gbẹ́. Tí wọ́n bá tún un fà sí 6.60, tó jẹ́ ìwọ̀n kọ́nà, 40 ló máa kù, bẹ́ẹ̀ bàtà nọ́ńbà 45 nìkan ti ń lọ sí 30. Èèyàn á ju bọ́ọ̀lù tán kó tó rí i pé gìgísẹ̀ òun ti tẹ ìta. Kí wọ́n da kọnkéré ààbọ̀ mítà kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà àbáyọ, owó rẹ̀ sì ju ti ọ̀dà lọ. Kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n lè fa ibi tó tẹ̀ kọrọdọ níwájú. Kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn láti àárín òrùka, kí wọ́n kan ìṣó síbi tó bá bọ́ sí, kí wọ́n wá fi wáyà fa mítà 6.75. Kí wọ́n má lo okùn ọ̀rá, ó ń nà. Etí ìta ni a ń wọ̀n dé. Sẹ̀ǹtímítà 5 tí ìlà fẹ̀ ń bọ̀ sínú. Nígbà tí kọ́nà náà bá di 6.60, mítà 2.99 sí ìlà ẹ̀yìn ni ibi gbọọrọ rẹ̀ á ti pàdé ibi tó tẹ̀ kọrọdọ yìí. Ìlú tí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Kwara Falcons fi ṣe ilé, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan kò yẹ kó pọ̀ jù fún un.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń yáni, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á: ẹ jẹ́ kó já láti mítà 1.80, kí orí rẹ̀ sì fò padà sí àárín 1.20 sí 1.40. Èyí tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jù ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń mú kó yọ̀ lọ́wọ́, ẹ mú aṣọ ìnura tó tutù díẹ̀ dání. Agbọ̀n kan kọjú sí ìlà-oòrùn, èkejì sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa wọ ẹni tó ń ju sí apá kan lójú. Àárọ̀ ló dáa jù. Ẹni tó bá fẹ́ alẹ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ sí owó pápá, kó béèrè rẹ̀ kó tó sanwó.