Wreckfest l'Ìkòròdú: ojú awakọ̀ katakata ni mo fi wo géèmù yìí

Ọmọ àbúrò mi ló fà á. Ó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa ní Agric, géèmù nìkan ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí iná ti lọ láti àná, ó ní, "Dádì Agric, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń fi katakata kọ lu ara wọn." Mo ní katakata kẹ̀? Ẹni tó bá ti dárúkọ katakata, èmi ló pè. Ọdún 22 ni mo fi wà á, Massey Ferguson pupa, 375, láti Odógunyán dé Ìmọ̀tà. Mo fi túlẹ̀ fún ẹ̀gẹ́, mo fi túlẹ̀ fún àgbàdo, mo fi tírélà ẹ̀yìn rẹ̀ kó ìgbẹ́ adìyẹ débi pé ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n wọlé kí n tó wẹ̀. Mo bá wọ bàtà, a wọ màrúwá, ó di Ìta Ẹlẹ́wà.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní pátákó, n ò sì ní sọ orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè é, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò tó bá yá. Ẹ̀yìn obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ló wà. Tẹlifísàn mẹ́rin, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, fáànù kan tó ń mirí bí àgbà tí kò gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí mẹ́ta nínú tẹlifísàn náà, ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀kẹrin tó wà ní kọ̀rọ̀ ni ti Wreckfest.

Bí ẹ bá ti dúró wo ìjà àgbò rí, ẹ ti mọ ìdajì géèmù yìí. Wọ́n á kó ọkọ̀ gbígbó sínú pápá tí ògiri yí ká, kálukú á máa kọ lu kálukú, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbẹ̀yìn dákẹ́ ló jẹ. Ó ní ìdíje eré sísá náà, ṣùgbọ́n a ò bá ti ìyẹn wá. Ilé iṣẹ́ Bugbear ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ló ṣe é, àwọn kan náà tó ṣe géèmù FlatOut ní 2004. Láti January 2014 ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tó fẹ́ máa tọ́ ọ wò kó tó jinná. June 2018 ló tó jinná fún kọ̀ǹpútà, ti PS4, ẹ̀rọ géèmù tí a gbá a lórí rẹ̀ yìí, sì tẹ̀ lé e ní August 2019. Ó lé ní ọdún mẹ́rin lórí iná! Lójú tèmi, orí irin ni gbogbo àkókò yẹn lọ.

Torí pé irin inú géèmù yìí mọ bí wọ́n ṣe ń wó. Bí wọ́n bá gbá ọ lápá òsì bọ́ńẹ́tì, apá òsì gan-an ló máa wọlé, ilẹ̀kùn á máa fì dirodiro, táyà á yọ, á máa yí lọ lọ́tọ̀ bí ẹni tó bínú kúrò nílé. Ó wá ku kí rédíétọ̀ máa ya èéfín. Mo rí ọkọ̀ kan tí iwájú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ó ṣì ń rìn, ó kàn ń rìn gbéré ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti wa irú ẹ̀ wọ Ṣágámù rí.

Ọ̀rọ̀ katakata la fi ń jiyàn láti ìgbà tí a débẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní katakata, oríṣi méjì ni: ẹ̀rọ ìgékoríko tí èèyàn ń jókòó lé, àti ẹ̀rọ ìkórè ńlá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kò sí katakata nínú méjèèjì. Katakata ń fà ni, ẹ̀rọ ìkórè ń jẹ ni. Ti katakata, ẹ̀yìn ni táyà ńlá wà, iwájú ló fi ń ṣẹ́ kọ́nà. Ti ẹ̀rọ ìkórè, iwájú ni táyà ńlá wà, kékeré ẹ̀yìn ló ń ṣẹ́ kọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ìdí rẹ̀ fi ń jù bí obìnrin tó ń jó níwájú onílù. Mo wa ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta péré rí, ní oko ìrẹsì kan, lọ́jọ́ kìíní mo wó ọgbà olóko. Ọmọ tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́ gbogbo àlàyé mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà máa gbá a."

Òun náà ló fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Lind, wíìtì ni wọ́n ń gbìn. Láti 1988 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìkórè tó ti gbó ṣe irú ìjà yìí, èyí tó ṣeé fọwọ́ kàn, tí èèyàn jókòó sínú rẹ̀. Mo la ẹnu, n ò lè pa á dé. Lọ́dọ̀ wa ní Ìmọ̀tà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó ní January 2023, èyí tí wọ́n ní ó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí mo rí àwọn àgbẹ̀ tó ń fi dòjé gé ìrẹsì ní ẹ̀yìn ibẹ̀, ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Àwọn kan wá ń fi ẹ̀rọ ìkórè tiwọn ṣe àgbò ìjà! Ẹ̀ẹ̀, ó dáa náà. Ayé ò dọ́gba, ṣùgbọ́n fídíò náà dùn.

Ó yá, mo gba páàdì. Bọ́tìnnì R2 lára rẹ̀ lẹ fi ń tẹ iná, L2 ni búréékì, òun náà lẹ fi ń padà sẹ́yìn. Ìjà àkọ́kọ́, mo kọjú sí wọn bí akin. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí iwájú mi fi túká. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo jókòó padà ni mo rántí pé ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ wà níwájú. Kí ló dé tí mò ń fi orí gbá wọn? Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Àgbò ti Wreckfest yìí, ìdí gan-an ni kó máa fi kàn. Mo mú ọkọ̀ gbọọrọ kan, mo tẹ L2, mo ń wẹ̀yìn bí ẹni tó ń ti tírélà sẹ́nu ọ̀nà oko, mo fi ìdí kó wọn. Mo gba ipò kejì. Ìgbà kẹta, mo jẹ. Ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbàgbé góòlù tirẹ̀, ó ń wò mí.

Ibi tí n ò ti gba tiwọn ni ẹ̀rọ ìgékoríko. Ó fúyẹ́ jù. Àwa a máa rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn katakata kó lè di ilẹ̀ mú. Tiwọn yìí ń tàkìtì bí ìṣáná tí wọ́n jù. Ẹni tó jókòó lé e kò ní ilé lórí, bí wọ́n bá gbá a, á fò sókè, á balẹ̀ bí àpò gààrí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín dé ibi pé wọ́n fẹ́ jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ò rí i rín. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ fa kùkùté lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ó so ṣéènì mọ́ ibi tó ga jù lẹ́yìn katakata dípò ìsàlẹ̀, ni iwájú bá gbéra nílẹ̀, katakata dà bo òun fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọkọ̀. Wọ́n fún mi ní àga ìrọ̀gbọ̀kú tí wọ́n fi táyà sí lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àga pálọ̀! Ìyẹn mo rín, mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà tó dà bíi màrúwá, àti bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé. Bí bọ́ọ̀sì yẹn bá ń bọ̀, ẹ yà fún un.

Ẹjọ́ tí mo ní wàyí. ₦500 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n géèmù yìí kì í tètè ṣí lórí PS4 wọn, wọ́n sì ń ka àsìkò tó fi ń ṣí mọ́ owó ẹni. Mo ra ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́ dé ìdajì, pápá ò tí ì jáde. Mo bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n dá aago dúró, eré gbígbá ló yẹ kí wọ́n máa gba owó lé lórí, kì í ṣe wíwò lásán. Ẹ tún mọ̀ pé èèyàn méjì kò lè jọ gbá a lórí tẹlifísàn kan bíi bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fọ́ á gbé páàdì fún ẹni tó kàn, ẹni tó kàn á sì máa gbàdúrà kí o tètè fọ́. Èmi àti ọmọ àbúrò mi, ₦2,000 la ná, òun ló gbá púpọ̀ jù níbẹ̀, èmi ni mo sanwó.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí iléèwé wà, kí àwọn ọmọ tó dé. Ẹ béèrè páàdì dúdú. Ti búlúù yẹn ń fà sí òsì fúnra rẹ̀ bíi katakata tí tairọ́ọ̀dù rẹ̀, irin tó ń darí táyà, ti jẹ, òun ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ nà sí yín.