Ohun Tí A Ń Sanwó Fún Lórí Ọmọrí Líle Ute ní Ọsirélíà

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ọsirélíà yóò ti mọ̀ pé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n ń pè ní ute níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ àgbẹ̀ nìkan mọ́. Láti ọdún 2016 ni Toyota HiLux ti wà ní ipò kìíní nínú àwọn ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà jù lọ́dọọdún, títí Ford Ranger fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2023. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni àwọn tí ó ń rà á ń gbé e lọ. Òun náà ni wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, òun ni wọ́n sì ń páàkì sí ìta lálẹ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ olówó iyebíye nínú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọrí líle ni ó ń dáàbò bo ẹrù náà lọ́wọ́ òjò, eruku àti olè. Ìbòrí aláṣọ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là Ọsirélíà lọ, ṣùgbọ́n ọmọrí líle lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1,500 dọ́là kí ó sì kọjá 3,000, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá wo àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Mo ra ọ̀kan fún HiLux onílẹ̀kùn mẹ́rin ní ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀ kan ní Melbourne, mo sì ti lò ó pẹ́ tó láti lè sọ ibi tí owó náà ti jẹ́ owó gidi àti ibi tí ó ti jẹ́ owó ojú lásán.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń pinnu owó ni irú ọkọ̀ tí ọmọrí náà wà fún. Kò sí ọmọrí líle tí ó ṣe wẹ́kú gbogbo ute. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe mọ́ọ̀dù tí ó bá ìrísí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan pàtó mu, owó mọ́ọ̀dù yìí ni wọ́n sì ń pín sórí gbogbo ọmọrí tí wọ́n bá fi ṣe. Ìdí nìyẹn tí ti HiLux àti ti Ranger fi máa ń pọ̀ lọ́jà, tí àwọn olùtajà sì ń bá ara wọn du oníbàárà, nígbà tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ yóò san owó jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó dúró títí wọn yóò fi kó ọjà dé. Ọdún tí ọkọ̀ jáde náà ṣe pàtàkì. Ranger tí ó jáde ní 2022 fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ọmọrí ti àtijọ́ kò lè bò ó, bí orúkọ ọkọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Iye ilẹ̀kùn ń yí gígùn ẹ̀yìn ọkọ̀ padà bákan náà: ti onílẹ̀kùn mẹ́rin kò ju bíi mítà kan àtààbọ̀ lọ, ti onílẹ̀kùn méjì sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọmọrí tí a bá polówó gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó bá “ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀” mu ni n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: ike ABS, fáíbà àti alumíníọ́mù. Ike ABS fúyẹ́, owó rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń kéré jù, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó ń fi ooru tẹ ike náà sínú mọ́ọ̀dù kíákíá. Oòrùn Ọsirélíà ni ọ̀tá rẹ̀. ABS tí kò ní awọ akírílíìkì (irú ike kan tí oòrùn kì í tètè bà jẹ́) lókè yóò ṣá, yóò sì máa gbẹ títí tí yóò fi sán, nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí oníbàárà bi olùtajà ni irú awọ tí ó bò ó, àti bóyá awọ ike kan ni tàbí méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Mo tẹ àárín èyí tí mo rà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ ní ilé ìtajà, kò sì rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré dún pọ́ọ̀, ó sì wọlé kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Awọ méjì àti awọ kan ni ìyàtọ̀ wọn, apá pàtàkì nínú owó tí ó wà láàárín wọn sì ni èyí. Fáíbà wúwo ju ike ABS lọ, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba ọ̀dà dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lè là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí wọn kò bá ṣe é dáadáa. Alumíníọ́mù ni ó wọ́n jù lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ máa di ẹrù sórí ọmọrí ni mo rò pé ó ní ìdí láti san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù orí ọmọrí yìí gba kí a fojú ṣùnnùkùn wò ó. Olùtajà máa ń kọ ìwọ̀n tí ọmọrí lè gbé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó lè gbé nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan pọ̀ ju èyí tí ó lè gbé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lórí ọ̀nà gbágungbàgun, ìkejì yìí sì ni ó yẹ kí a bèèrè. Ìwọ̀n ọmọrí fúnra rẹ̀ àti ti àwọn irin tí a bá gbé lé e yóò jẹ nínú ìwọ̀n ẹrù tí òfin gba ọkọ̀ náà láyè láti gbé, èyí tí ó máa ń wà ní àyíká tọ́ọ̀nù kan fún ọ̀pọ̀ ute. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ fa ọkọ̀ àfàsẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Àwọ̀ ni mo ka sí ibi tí owó ti rọrùn jù láti ṣòfò. Ọmọrí dúdú tí ojú rẹ̀ rí híwọhíwọ ni ó wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí tí a bá sì fẹ́ kí ó bá àwọ̀ ọkọ̀ mu yóò gba ọ̀dà ìpìlẹ̀, ọ̀dà àwọ̀ àti ọ̀dà dídán lórí rẹ̀. Àwọn àwọ̀ tí ń dán bíi péálì tún gba iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfikún owó náà lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là, ìdúró rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú oòrùn, ọ̀dà tuntun tí ó bá nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ mu gan-an pàápàá lè má bá ara ọkọ̀ dọ́gba mọ́. Dúdú ni mo mú, ó sì dára lójú mi títí di òní.

Ibi tí ó yẹ kí owó lọ ni abẹ́ ọmọrí, ibi tí ojú kì í sábà dé. Ẹ ṣí ọmọrí náà ní ilé ìtajà kí ẹ wo ohun tí ó dì í mú mọ́ ara ọkọ̀. Ti èmi ní ìdìmú alumíníọ́mù tí ó gba etí ẹ̀yìn ọkọ̀ mú láti inú, nítorí náà kò sí ihò kankan tí wọ́n lu sára ọkọ̀. Àwọn kan ṣì wà tí ó gba kí a lu ihò. Ihò tí a kò bá kun ní ọ̀dà kíákíá ni irin yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, owó tí a bá sì rò pé a fi pamọ́ níbẹ̀ yóò lọ sọ́wọ́ àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kù méjì tí ó ń gbé ọmọrí dúró. Agbára wọn wà lára wọn, nọ́ńbà tí lẹ́tà N tẹ̀lé, ìyẹn newton tí wọ́n fi ń wọn agbára. Ẹni tí ó bá máa gbé irin àti ẹrù lé ọmọrí gbọ́dọ̀ béèrè fún èyí tí ó lágbára jù, nítorí èyí tí ó bá wà fún ọmọrí lásán kò ní lè gbé e sókè mọ́. Ní ti lọ́ọ̀kù, èyí tí ń bá rímóòtù ọkọ̀ ṣiṣẹ́ wọ́n ju èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí lọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé owó rẹ̀ tọ́, nítorí ènìyàn kì í gbàgbé láti tì í. Ẹ rí i dájú pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe é tì: ọmọrí tí a tì pa lórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni lè fà sílẹ̀ kò dáàbò bo nǹkan kan.

Rọ́bà tí ó yí ọmọrí ká ni kókó mìíràn tí owó ń tipa rẹ̀ yàtọ̀. Ti èmi nípọn, ó sì ṣófo nínú, tí ó fi jẹ́ pé ó ń fẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀ bí a bá pa ọmọrí dé. Òjò kò gba ibẹ̀ wọlé. Igun méjèèjì tí ó wà nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni omi ti ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀bi ọmọrí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò fi rọ́bà sí àyíká ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà. Lójú ọ̀nà erùpẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń fa eruku wọlé láti àlàfo yẹn. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni a ń rà lọ́tọ̀, kò sì wọ́n púpọ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé ilé ìtajà náà kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí mo fi padà lọ bèèrè. Ẹni tí ń ta ọmọrí pẹ̀lú ìlérí pé ẹrù kò ní tutù yẹ kí ó fi rọ́bà yìí kún owó, tàbí kí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó.

Owó ìkẹ́rù àti owó iṣẹ́ ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Lóòótọ́, òfin Ọsirélíà ní kí iye tí wọ́n kọ fún oníbàárà ti ní owó orí GST nínú, ìyẹn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọmọrí jẹ́ ẹrù ńlá tí ó rọrùn láti fọ́, gbígbé e láti Melbourne tàbí Sydney lọ sí ìgbèríko Queensland tàbí sí apá Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà sì lè jẹ́ owó gọbọi. Ẹni tí ó bá ní olùrànlọ́wọ́ kan lè gbé e lé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà lọ́ọ̀kù ni ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá ní irin àṣehàn (sports bar) lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, a gbọ́dọ̀ ra ọmọrí tí wọ́n gé láyè fún un, tàbí kí a yọ irin náà kúrò. Bí ike tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bo etí rẹ̀, wọ́n ní láti gé ike náà kí ìdìmú lè rí irin gbá mú, iṣẹ́ yìí náà sì ní owó tirẹ̀.

Ìbòrí alumíníọ́mù tí ń ká sínú, pàápàá èyí tí iná ń fà, wà ní ìpele owó tí ó ga jù. Ó dára fún ẹni tí ń gbé ẹrù gíga lemọ́lemọ́. Àpótí tí ó ń ká sí gba àyè níwájú, ọ̀pá tí omi ń gbà jáde sì máa ń dí bí eruku bá pọ̀, nítorí náà n kò yan án.

Bí a bá rà á lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ọkọ̀ tuntun, iye rẹ̀ máa ń ga ju ti ilé ìtajà lásán lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wárántì ọkọ̀ ló sábà máa ń bò ó, a sì lè kó o pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ tí a ń san díẹ̀díẹ̀. Ilé ìtajà lásán náà kò lè fi wárántì kúkúrú bọ́ lọ́wọ́ òfin ààbò oníbàárà, nítorí òfin náà ní kí ọjà dára tó, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò ṣe. Ọmọrí àlòkù lọ́wọ́ aládàáni ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, ẹ̀tọ́ yẹn kò sì bá a lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ka ìdìmú àti ṣọ́ọ̀kù rẹ̀, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í kí ó sì ṣí i lójú ẹni tí ń tà á, kí ó sì wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.