Àgbéyẹ̀wò: àṣàyàn ewì William Cowper, orin ìjọ àti ewì ẹ̀rín nínú ìwé kan

Bí ẹ bá ti kọ "Ìsun kan wà tó kún f'ẹ́jẹ̀" tàbí "Ọ̀nà àrà l'Ọlọ́run wa" rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin William Cowper, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ kọ yẹn. Òun náà ló kọ ìtàn John Gilpin, ọ̀kan nínú àwọn ewì Gẹ̀ẹ́sì tó pa mí lẹ́rìn-ín jù láyé. Àṣàyàn ewì rẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó méjèèjì pọ̀, ó sì tò wọ́n bí ọdún ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Títò yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé náà. Orin ìjọ ló kọ́kọ́ wá, láti ìgbà tí Cowper ń gbé ní Olney, ìlú kékeré kan ní Buckinghamshire. Òun àti John Newton, àlùfáà ibẹ̀ tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrú, ni wọ́n jọ ń kọ ọ́ fún ìjọ. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní 1779, orin 348 ló wà níbẹ̀. Ti Newton ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 1773, àìsàn ọkàn tó ti ń bá Cowper fínra tẹ́lẹ̀ tún gbé e dè. Ó gbà pé Ọlọ́run ti ta òun nù, kò sì bá wọn jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí tó fi kú ní 1800. Orin tó ń tu àwa nínú títí dòní kò tu ẹni tó kọ ọ́ nínú. Mo ní láti pa ìwé náà dé ná.

Ẹ ṣí i síwájú, ẹ ó kan John Gilpin. Lady Austen, ọ̀rẹ́ Cowper, ló sọ ìtàn náà fún un kó lè tújú ká. Ìwé ìròyìn kan sì gbé ewì náà jáde ní 1782 láìdárúkọ akéwì. Gilpin, oníṣòwò aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ ṣàjọyọ̀ 20 ọdún ìgbéyàwó ní Edmonton. Ìyàwó àtàwọn ọmọ ti kún inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ni bàbá bá yá ẹṣin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹṣin ki eré mọ́lẹ̀! Fìlà fò, wíìgì fò, ìgò wáìnì méjì tó so mọ́ ìbàdí fọ́ yángá. Àwọn agbowó ibodè ń sáré ṣí géètì fún un, wọ́n ṣe bí ìdíje ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ló ń sá. Ìyàwó ń ké láti òkè ilé ní Edmonton pé ilé nìyí, oúnjẹ ti délẹ̀, ó ti rẹ̀ wá; ẹṣin kọjá lọ fìì, ó di Ware, nílé ẹni tó ni ín.

Olóòtú fi lẹ́tà kan tì í níbi tí Cowper ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìgbà tí inú òun bàjẹ́ jù lòun kọ ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín jù. Lẹ́tà yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Ohun tí olóòtú kò mẹ́nu bà, tí kò ní ṣòro fún ẹni tó dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ni pé C.M. (Common Metre) ni John Gilpin: ìlà mẹ́rin tó ní sílébù mẹ́jọ, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́fà, gẹ́lẹ́ bí "Ọ̀nà àrà" ṣe rí ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ohùn orin ìjọ kọ ọ́ sókè ní ilé ìdáná, ó bọ́ sí i rẹ́gí, títí dé ibi tí wíìgì ti fò.

Ohun tó dùn mí ni *The Task*, ewì gígùn alápá mẹ́fà tó jáde ní 1785. Díẹ̀ ni wọ́n yọ níbẹ̀, wọ́n sì fo ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, níbi tí Cowper ti bẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú láìfi bò. Ọmọ Áfíríkà wo ló máa ra ìwé yìí tí kò ní fẹ́ ka ibẹ̀? Lẹ́tà àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé náà ti kéré jù. Àgbàlagbà yóò nílò iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó ń wá gbogbo orin Olney, kó wá ìwé orin náà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin olùdarí ẹgbẹ́ akọrin, eléyìí ni kí ẹ rà.