Starlink nínú ilé búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, iná tó ń jẹ, àti ibi tí eré Wi-Fi ń sọnù sí

Ẹni tí fáíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, bá ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí àwọn tó fà á sì ń tètè wá tún un ṣe nígbà tó bá já, kò nílò Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tí àwo orí òrùlé ń gbà láti ara sátẹ́láìtì. Fáíbà ń dúró sójú kan ju àwo lọ, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, kò sì bẹ̀rù òjò. Ẹni tí mo ń kọ èyí fún ni ẹni tó kọ́lé sí àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jìnnà sí, tí ráútà onísíìmù rẹ̀ ń sáré ní ìdájí ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fi ṣèpàdé lórí fídíò bó bá di agogo mẹ́jọ alẹ́. Àwo Starlink Standard, èyí tí kò ní mọ́tò nínú, ni mò ń lò, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án kọ́. Mo mọ ráútà 5G àti fáíbà náà dáadáa, mo sì máa fi wọ́n wéra.

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ ń yí ayé ká ní nǹkan bíi 550 kìlómítà sókè. Sátẹ́láìtì àtijọ́ tí àwọn báńkì máa ń lò wà ní 35,786 kìlómítà, ìdí sì nìyẹn tí ping tiwọn, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì fi ń padà, kì í fi í wá sílẹ̀ ju 500 ms (ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ. Ti Starlink sábà máa ń wà láàárín 30 sí 70 ms, nítorí náà ìpè WhatsApp, Zoom àti iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí ayé kì í dúró sójú kan. Àwo máa ń ti orí sátẹ́láìtì kan bọ́ sórí òmíràn láìdúró, tí ẹ̀ka igi kan bá sì wà lójú ọ̀nà, ìsopọ̀ á já fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, á sì padà. Ẹ ó yẹ eré rẹ̀ wò, ẹ ó rí 120 Mbps, síbẹ̀ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí Zoom á máa sọ pé ohùn yín ń já. Bí ẹ bá rí irú èyí, igi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ ẹni tó fẹ́ rà á pé kó kọ́kọ́ gba áàpù Starlink sórí fóònù, nítorí ọ̀fẹ́ ni, kò sì dìgbà tí èèyàn bá ra àwo. Ẹ gòkè lọ síbi tí ẹ fẹ́ gbé e sí gan-an, ẹ ṣí apá tó ń yẹ ìdènà wò, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà fóònù yí ojú ọ̀run ká títí tí áàpù á fi sọ pé ó tó. Àwo yìí ń fẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ ní ìwọ̀n 110 dígíríì. Igi máńgòrò aládùúgbò, ọ̀pẹ àti táńkì omi tó wà lórí òpó irin ló sábà máa ń dí i. Tí áàpù bá fi ìdènà hàn, ẹ má ṣe sọ pé kékeré ni. Ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ gbé òpó náà ga sí i.

Ẹsẹ̀ tó bá àwo wá nínú páálí kò tó fún òrùlé wa. Ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin lè yí i dànù. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe òpó irin tó lágbára, kí wọ́n sì fi bóòtì dè é mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé, kì í ṣe mọ́ páànù. Páànù máa ń mì nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, ihò tí wọ́n lu sí i á sì máa jò lọ́jọ́ iwájú. Wáyà tó bá a wá gùn tó mítà 15. Ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tó máa gbà kí ẹ tó lu ihò kankan, pẹ̀lú gbogbo kọ̀rọ̀ tó máa yí. Bí kò bá tó, wáyà gígùn tí ilé iṣẹ́ náà ń tà ni kí ẹ rà. Iná àti dátà ló jọ ń gba inú wáyà kan náà, ibi tí wọ́n bá sì ti gé e so pọ̀ ni omi máa ń wọ̀, tí á máa pa àwo tí á máa tan án. Níbi tí wáyà bá ti fẹ́ wọ ilé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú ihò, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọlé. Nínú àjà, inú páìpù PVC ni kí ẹ gbé e gbà, torí eku.

Òjò wẹliwẹli kì í ṣe é ní nǹkan. Ohun tó ń dá a dúró ni òjò ńlá tó ṣú dùdù, tó kún fún omi, nítorí pé ìgbì 10.7 sí 12.7 GHz tí àwo fi ń gbọ́ràn láti òkè ni omi ń gbé mì. Ó máa ń já nígbà mìíràn kí ẹ̀kán òjò kan tó kan ilé yín, torí ìkùukùu ti wà láàárín yín àti sátẹ́láìtì. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ìpàdé kò gbọ́dọ̀ já mọ́ lọ́wọ́ nílò síìmù tó ní dátà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní gbogbo ìgbà òjò. Bí àrá bá ń sán nítòsí, ẹ yọ iná rẹ̀ kúrò pátápátá.

Ọ̀rọ̀ iná ni àléébù tó tóbi jù nínú Starlink níbi tí NEPA ti ń ṣe ohun tó wù ú. Àwo Standard àti ráútà rẹ̀ ń jẹ 75 sí 100 wáàtì. Bí ó bá wà ní títàn tọ̀sán-tòru, nǹkan bíi yúníìtì méjì ni lójúmọ́, tàbí ọgọ́ta lóṣù. Bátìrì 12V 200Ah olómi kan ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ínfátà náà á sì jẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó kù lè gbé Starlink nìkan fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá. Fi fáànù kan àti gílóòbù mẹ́rin kún un, kò ní di òwúrọ̀. Nínú áàpù, ètò wà tí ẹ lè fi sọ àkókò tí àwo máa sùn. Ẹ sọ ọ́ sí agogo méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí bí ẹnikẹ́ni kò bá ń lò ó, ó ń dín iná kù gidigidi.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Bí NEPA bá mú iná, tí ínfátà pẹ́ díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́, àwo á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó rí sátẹ́láìtì. Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ẹ lè yan UPS tàbí APL. UPS ni kí ẹ yàn, òun ló ń yára gba iṣẹ́. Starlink Mini, àwo wọn tó kéré, ní tirẹ̀ ń jẹ 25 sí 40 wáàtì, ó sì lè gba iná tààrà láti inú bátìrì 12V sí 48V láìgba orí ínfátà. Fún ilé tí kò ní ju yàrá méjì lọ, tí kò sì ní sólà ńlá, Mini ni mo máa yàn. Kí wáyà tó ti inú bátìrì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáà ti nípọn, nítorí wáyà tín-ínrín tó gùn máa ń jẹ́ kí fóltéèjì lọ sílẹ̀, Mini á sì máa kú á máa jí.

Ní ti Wi-Fi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó tí a ń san ń bọ́ sọnù. Áàpù Starlink ní àyẹ̀wò eré tó pín ọ̀nà náà sí méjì: láti ráútà dé íntánẹ́ẹ̀tì, àti láti fóònù yín dé ráútà. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 150 tí èkejì sì jẹ́ 18, kò sí ẹ̀bi fún ojú ọ̀run, ògiri ilé yín ló ń jẹ ẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Mbps kì í ṣe MB. Ẹ pín in sí mẹ́jọ: 80 Mbps ń gba fáìlì MB mẹ́wàá wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ráútà sábà máa ń wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà dé sí. Ibi tó burú jù nìyẹn. Ẹ gbé e sí àárín ilé, ní gíga orí ènìyàn, lórí nǹkan tó ṣí sílẹ̀, kó jìnnà sí fíríìjì, dígí ńlá, ilẹ̀kùn irin àti máíkíróweefù. Ìgbì 5 GHz ló yára, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti sọ ọ́ di aláìlágbára. 2.4 GHz ń wọ ògiri jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó lọ́ra, gbogbo ráútà àdúgbò ló sì ń pariwo lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní ráútà tó jẹ́ kí ẹ yan ìkànnì, 1, 6 tàbí 11 nìkan ni kí ẹ lò lórí 2.4, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20 MHz. Ilé alájà máa ń le ju èyí lọ, torí irin inú dẹ́kìn ń dí ìgbì gan-an.

Ẹ má ra àwọn ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní ó ń fa Wi-Fi gùn. Irú rẹ̀ tó ń fi ìgbì kan náà gbọ́, tó tún ń fi í sọ̀rọ̀, máa ń gé eré sí ìdajì. Wáyà ló ń yanjú rẹ̀. Ráútà Starlink tuntun ní ihò wáyà méjì lẹ́yìn, ìdérí kan ló bò wọ́n. Ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, ẹ so ráútà mìíràn mọ́ ọn, àní èyí tó ti wà nílẹ̀ látijọ́. Kí ẹ tó so ó, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ sí 192.168.1.2 torí pé Starlink ń lo 192.168.1.1, ẹ pa DHCP rẹ̀ (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà), kí ẹ sì fi orúkọ Wi-Fi àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà sí i. Ihò LAN rẹ̀ ni kí ẹ ki wáyà náà bọ̀, kì í ṣe WAN. Fóònù á máa bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì bí ẹ ṣe ń rìn kiri.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú, ó pọ̀ lọ́jà. Ó fúyẹ́, ó máa ń tètè já, bí ẹ bá sì fi ọ̀bẹ họ ọ́, inú rẹ̀ á funfun. Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn: bí àyẹ̀wò lórí wáyà kò bá ju 94 tàbí 95 Mbps lọ nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ pé wáyà kan nínú mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ ti já tàbí kò wọlé dáadáa, tàbí pé ihò ráútà àtijọ́ náà kò lè ju 100 Mbps lọ, kì í ṣe iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ló lọ́ra. Ẹ tún orí rẹ̀ kì.

Ráútà 5G dára níbi tí òpó bá sún mọ́. Orí 3.5 GHz ni MTN gbé 5G rẹ̀ jáde ní 2022, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ràn ògiri rárá, nítorí náà etí fèrèsé tó kọjú sí òpó ni àyè ráútà. Ẹ wo RSRP (bí ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ ráútà ṣe lágbára tó) àti SINR (bó ṣe mọ́ kúrò lára ariwo tó) nínú ètò rẹ̀. RSRP -80 dára, -110 kò dára. SINR ju 20 lọ dára púpọ̀, bó bá sì sún mọ́ òdo, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ sì béèrè iye GB tí wọ́n ń kà kí eré tó lọ sílẹ̀, torí ètò tí wọ́n pè ní aláìníwọ̀n sábà máa ń ní ìwọ̀n.

Bí fáíbà bá sì dé àdúgbò yín, ẹ ní kí ẹni tó wá fà á fi agbára ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ hàn yín lórí ẹ̀rọ rẹ̀. -15 sí -25 dBm dára, lẹ́yìn -27 ìsopọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ okùn náà ní kọ̀rọ̀ bí wáyà iná. Iná pupa LOS túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ kò dé mọ́, ẹ kò ní lè tún un ṣe nílé. Wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá náà sì ń kan fáíbà: ní 14 oṣù kẹta 2024, mẹ́rin nínú wọn, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Àbíjàn, íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ́ra káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Fún ẹni tó ní kámẹ́rà àbò, Starlink kì í fún ilé lásán ní àdírẹ́sì tí ará ìta lè pè tààrà. Kámẹ́rà tó ń gba orí áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe é á ṣiṣẹ́, èyí tó nílò kí ẹ ṣí ọ̀nà nínú ráútà kò ní ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà mẹ́rin tí ìkọ̀ọ̀kan ń rán 2 Mbps jáde á jẹ 8 Mbps, bẹ́ẹ̀ fífi ránṣẹ́ Starlink kéré gan-an sí gbígbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba àwòrán sórí hard disk nílé, kí ẹ sì máa wò ó láti ìta nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ nìkan.

Mo máa tún ra àwo yìí níbi tí mo wà. Ní Èkó, ẹ kọ́kọ́ tẹ àdírẹ́sì yín sórí ojú ìwé wọn, nítorí ní ìparí 2024 àyè kún ní ọ̀pọ̀ apá ìlú náà, wọ́n sì dá títà dúró níbẹ̀. Owó oṣù náà ti gòkè láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí náà iye tó wà lórí ojú ìwé náà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà á ni kí ẹ fi ṣírò, pẹ̀lú ọgọ́ta yúníìtì iná lóṣù.